Ayaba Méjì Lórí Tábìlì Keje

Nígbà tí Télọ̀ ṣí káàdì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ayaba ọlọ́kàn pupa ló kọ́kọ́ yọjú. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó rí i pé ọkùnrin onígíláàsì ojú tó kọjú sí i ti ṣí tirẹ̀ náà. Ayaba ọlọ́kàn pupa ni. Adé kan náà, òdòdó kan náà lọ́wọ́, ojú kan náà tó ń wo gbogbo wọn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Tábìlì keje pa lọ́lọ́. Nínú páálí káàdì kan, ayaba ọlọ́kàn pupa ẹyọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Àwọn mẹ́jọ tó jókòó yí tábìlì náà ká wo káàdì méjèèjì, wọ́n wo ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn kọjú sí obìnrin tó ń pín káàdì.

"Mi ò..." lobìnrin náà wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, kí kámẹ́rà tó wà lájà lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọ̀sán gangan, ní ọjọ́ tí yàrá káàdì kasínò náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìdíje pókà mẹ́ta ló wà lọ́jọ́ náà: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, àti àṣekágbá ní aago márùn-ún. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá lágbára jù lọ ń gba ẹ̀bùn: fáànù, ẹ̀rọ ìlọṣọ, fíríìjì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sinmi láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn ayaba méjì fò láti tábìlì dé tábìlì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ pàápàá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Obìnrin tó gbọ́wọ́ sókè yìí, Ọwọ́-Ìyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń ta pókà ló sọ ọ́ lórúkọ náà, wọn a sì máa kì í bó bá ti ń jókòó: Ọwọ́-Ìyẹ́, a-pín-bí-ẹní-súre, a-fi-pẹ̀lẹ́-lé-ni-sílé. Ẹni tó pàdánù lọ́wọ́ rẹ̀ a tún dúpẹ́ kó tó dìde.

Máníjà sáré wá Màmá Jẹ́ẹ́jẹ́ kàn. Ọdún mọ́kànlélógún ni màmá yìí fi ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, kí kasínò tó gbà á síṣẹ́ láti máa tú ohun tó bá díjú. Kì í pariwo, kì í sáré, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

"Màmá, ẹ gbà mí," ni Máníjà wí. Òógùn ti mu kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. "Ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì ìwé àṣẹ wà ní yàrá mi, ó ń mu tíì. Aago márùn-ún ló yẹ kó buwọ́ lu ìwé tó máa sọ Ọwọ́-Ìyẹ́ di olùkọ́ gbogbo apínkáàdì. Ó ti wá sọ báyìí pé tí a ò bá mọ ẹni tó ṣe èyí kí aago márùn-ún tó lù, ìwé àṣẹ obìnrin náà lòun máa gbà. Kò ní í pín káàdì mọ́ láyé."

"Ta ló mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di olùkọ́?"

"Ta ni kò mọ̀? Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti lẹ orúkọ rẹ̀ mógiri."

"Ta wá ni inú rẹ̀ kò dùn sí i?"

Máníjà fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. "Ẹ bi mí ní ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i, Màmá. Ìyẹn á yá kà."

Màmá Jẹ́ẹ́jẹ́ kó káàdì tábìlì keje sínú àpò funfun, ó gbé e wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, yàrá tó ní fèrèsé gíláàsì tí èèyàn lè ti ibẹ̀ wo gbogbo tábìlì. Ó tilẹ̀kùn. Ó gbàdúrà ráńpẹ́ sábẹ́ ahọ́n bó ti máa ń ṣe: Ìwọ tó rí ìkọ̀kọ̀, là mí lójú. Ó wá ka káàdì. Mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹyọ kan ló lé.

Ó gbé wọn símú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fọ káàdì oníke wọ̀nyí nínú omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì nù wọ́n, wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á kó wọn sínú páálí tí nọ́ńbà tábìlì wà lára rẹ̀. Méjìléláàádọ́ta ń rùn ọṣẹ. Ẹyọ kan kò rùn ọṣẹ rárá, ìdọ̀tí ìka sì ti dúdú sí etí rẹ̀. Ọ̀kan nínú ayaba méjèèjì ni.

Ó gbé ayaba ìdọ̀tí náà síbi ìmọ́lẹ̀. Àmì omi gbígbẹ wà lójú rẹ̀, rìbìtì bí erékùṣù kékeré. Ó yí ayaba tó mọ́ padà. Àmì kan náà wà ní ẹ̀yìn tirẹ̀, kò fi ìlà kan yàtọ̀.

"Ẹ ti sùn léra yín," ni Màmá wí fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìgbà tí káàdì ṣì tutù ni ẹnì kan ti fi ayaba àlejò há ẹ̀yìn onílé. Omi ló lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe orí tábìlì ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Àárọ̀ ni, nínú yàrá ìfọkáàdì, kí wọ́n tó ti páálí.

Màmá gbé ayaba méjèèjì sórí tábìlì kékeré iwájú rẹ̀, ọ̀kan dojú kọ ọ̀run, ọ̀kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ, wọ́n wọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó sùn láìtẹ́ní. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa pe àwọn èèyàn wọlé.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí òun ni Máníjà fura sí. Téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó sá jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ gba fíríìjì láàárọ̀," ni Màmá wí. "Ẹ tún gba fáànù ní aago méjìlá."

"Orí mi ló jí lónìí, Màmá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní Ọwọ́-Ìyẹ́ ló ń fi káàdì ránṣẹ́ sí yín."

"Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi? Gbogbo ṣíìpù tí mo fi ń ta tẹ́tẹ́ ni mo tì síwájú lórí ayaba yẹn. Olè wo ló máa jí ayaba wá sílé, táá tún fi ìkejì rẹ̀ ta ọ̀tá lọ́rẹ?"

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. "Ẹ máa lọ, ẹ kú oríire."

Télọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní í gba fíríìjì yẹn lọ́wọ́ mi?"

"Wọn ò ní í gbà á."

"Ẹ ó pẹ́ láyé, Màmá. Ìyàwó mi ti bu omi sínú rẹ̀."

Ẹni tó tẹ̀lé e ni apínkáàdì tí wọ́n ń pè ní Elérìn-ín. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ rí. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ìlara ni, Màmá. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń ṣe ìlara. Ọdún méje ni mo ti ń pín káàdì kí ìyẹn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mógiri, mi ò lè jẹun." Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ nà dé orí tábìlì fúnra rẹ̀, ó mú ayaba méjèèjì, ó fi ìka kan tún wọn tò, etí sí etí, láìwò wọ́n. "Ta ló rí mi? Èmi ló yẹ kí wọ́n fi ṣe olùkọ́."

"Ṣé o fẹ́ kó ṣubú?"

"Mo fẹ́ kó ṣubú. Mo tiẹ̀ gbàdúrà sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni mo ti máa ń sọ ọ́. Àná, nínú yàrá aṣọ, mo ní ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, 'Àǹtí mi, ẹ ṣeun.' Ìyẹn gan-an ló pa mí."

"O dé yàrá ìfọkáàdì láàárọ̀?"

"Mo lọ ká épírọ́ọ̀nù mi lórí okùn. Mi ò lò tó ìṣẹ́jú kan."

Nígbà tó jáde, Màmá tún da àwọn ayaba náà rú bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó mọ irú iná tó ń jó obìnrin yìí. Lọ́dún tí wọ́n gbé àbúrò iṣẹ́ tirẹ̀ gùn ún lórí ní àgọ́ ọlọ́pàá, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń kí i kú iṣẹ́ tí inú rẹ̀ ń jó bí ẹni gbé ẹyin iná mì. Ìlara tó ń pariwo bí ti Elérìn-ín kò bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń kí ni kú oríire, tó ń báni gbé àpò, ìyẹn ló ń wá.

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí Ọwọ́-Ìyẹ́ wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Màmá, mi ò ṣe é."

"Mo mọ̀. Jókòó, ọmọ mi."

Ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ọwọ́ kejì sì ti wà lórí káàdì, ó ń tò wọ́n sípò wọ́ọ́rọ́wọ́. Omijé kán sí etí ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò nù ún kúrò.

"Ní aago kan, ìwọ lo ṣí páálí káàdì tábìlì keje?"

"Èmi ni. Mo tẹ́ wọn síta, mo ṣí ojú wọn kí gbogbo oníbàárà rí i. Kò sẹ́ni tó rí aburú kankan."

"Ojú kò lè rí i. Méjì ló lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì jọ yọ̀ lọ bí ẹyọ kan." Màmá rọra fà mọ́ tábìlì. "Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni wọ́n fi kì ọ́ níbí yìí. Tí irun orí bá wà láàárín káàdì méjì, o mọ̀. Ìka rẹ bá ibi tó nípọn yẹn pàdé, àbí irọ́ ni?"

Ọwọ́-Ìyẹ́ ká ìka rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"O mọ̀ ọ́n lára," ni Màmá wí.

"Mo rò pé omi ni," ni obìnrin náà wí ní ohùn ìsàlẹ̀. "Káàdì tí kò gbẹ dáadáa máa ń lẹ̀. Mo ní tí mo bá pò ó, á tú."

"Òfin ní kí o pe alábòójútó."

"Tí mo bá pè é, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ẹni tó nu káàdì náà."

"Ṣé Bàbá Afọkáàdì, tó ń nù wọ́n láràárọ̀?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Màmá bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu obìnrin náà pa dé bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti láti inú. Màmá fi í sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ti dáhùn ìdajì ìbéèrè rẹ̀.

Bàbá Afọkáàdì kò lè wá. Òun ni Màmá lọ bá. Ó jókòó sórí kọ́rọ́bà tó dojú dé nínú yàrá ìfọkáàdì, òkìtì táwẹ́ẹ̀lì tútù yí i ká, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ nu káàdì lónìí?"

"Èmi ni, ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ẹ dìde kí ẹ bá mi gbé páálí tó wà lókè yẹn."

Bàbá wo òkè. Ó gbìyànjú, ó ké, ó tún jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ má sọ fún Máníjà. Ẹ̀yìn ló dá mi dúró. Bí wọ́n bá mọ̀ pé mi ò lè tẹ̀ mọ́, wọ́n á lé mi."

"Wọn ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ta ló bá yín nù ún?"

"Ọkọ Ọwọ́-Ìyẹ́ ni, tí wọ́n jọ ń pín káàdì níbí. Láti àná ló ti rí i pé ara ń ro mí. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù, ó nu gbogbo rẹ̀, ó tò ó sí páálí."

"Bàbá, ǹjẹ́ páálí kan ti sọ ayaba ọlọ́kàn pupa nù láìpẹ́ yìí?"

"Háà, ti tábìlì kẹta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Mo kà á títí, mo wá a lábẹ́ àga. Ọjọ́ kejì tí wọ́n lẹ orúkọ yẹn mógiri ni. Elérìn-ín ló pín níbẹ̀ láàárọ̀, ọkọ Ọwọ́-Ìyẹ́ gbà á lọ́sàn-án."

Ìwé ètò iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wà lára ògiri yàrá yẹn láti àná. Màmá kà á: tábìlì keje, aago kan, Ọwọ́-Ìyẹ́. Ẹni tó bá nu káàdì mọ ọwọ́ tó máa ṣí i.

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní ọkọ Ọwọ́-Ìyẹ́ wọlé ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Apínkáàdì ni òun náà, ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ méjì ti wà nínú fáìlì rẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó kí Màmá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú wàhálà, Màmá. Kí Ọlọ́run bá wa yọ ọ́. Ìyàwó mi ò lè ṣe irú nǹkan yìí."

"Àmín. Jókòó."

Ó jókòó. Àwọn ayaba méjì wà níwájú rẹ̀, wọ́n tún ti wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

Màmá bi í nípa oúnjẹ àárọ̀. Ó bi í nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà wá síbi iṣẹ́. Ó bi í nípa ọmọ wọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin náà ń dáhùn dáadáa, kò kọ̀, kò kanra. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò láàárín itan.

"Wọ́n wọ́, àbí?" ni Màmá wí.

"Kí ló wọ́, mà?"

"Káàdì tó wà níwájú rẹ. Elérìn-ín ń bínú, ó tò ó. Ìyàwó rẹ ń sunkún, ó tò ó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé òun fọwọ́ kàn án. Ogún ọdún lo ti ń to káàdì. Ìwọ nìkan lo rántí pé kò yẹ kí o fọwọ́ kàn án."

Ọkùnrin náà mú ọwọ́ kan jáde, ó ti pẹ́ jù. Ó dá a padà.

"Èyí tó tún dùn mí jù nìyí," ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Ẹni tó fi ayaba yẹn síbẹ̀ mọ̀ pé ìka obìnrin yìí máa mọ̀ ọ́n lára. Ó sì mọ̀ pé yóò dákẹ́. Ká ní Elérìn-ín ló nu káàdì yẹn, ṣé ìyàwó rẹ á gba ẹ̀bi rẹ̀ rù? Ta ni obìnrin máa rí lówùúrọ̀ tó ká ọwọ́ ẹ̀wù, tí omi ń ro lára rẹ̀, tó ti gba ìkìlọ̀ méjì níbi iṣẹ́, tí yóò fi sọ pé kí ìkìlọ̀ kẹta má bá a?"

Ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba inú gíláàsì wọlé: ẹni tó gba ẹ̀rọ ìlọṣọ ti yọjú. Ọkùnrin náà dúró títí ó fi parí.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí. "Lórí tábìlì ìjẹun wa. Káàdì máa ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa ṣà á nílẹ̀. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ á dára. Mi ò mọ̀ pé á dára tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Màmá, kí lẹ̀ ń pè mí?"

Màmá la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ọkọ Ọwọ́-Ìyẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Gbogbo yín. Títí dé ọmọ tó ń gbá ilẹ̀. Mo ní ìnagijẹ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn máa ń tò sídìí tábìlì mi." Ó pe orúkọ náà. Màmá kò gbọ́ ọ rí. "Ẹ wá fẹ́ kó jókòó sórí àga olùkọ́, kí n máa wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bá a wí ni. Kí wọ́n fi ipò yẹn fún ẹlòmíràn lọ́dún yìí."

"Ìwé àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà. O gbọ́ láti aago méjì. O sì dákẹ́."



Màmá Jẹ́ẹ́jẹ́ bá Ọwọ́-Ìyẹ́ nínú yàrá aṣọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà yípo. Ó sọ fún un pé ọ̀nà méjì ló wà: kó gbà pé omi ló ṣèèṣì lẹ ayaba àlejò mọ́ ayaba onílé, pé òun mọ̀ ọ́n lára tí òun ò pe alábòójútó, kí wọ́n fìyà díẹ̀ jẹ ẹ́ láìgba ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ipò olùkọ́ bọ́; tàbí kí Màmá kọ òtítọ́ fún ọ̀gá ìwé àṣẹ, kí ọkọ rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ títí ayé.

"Ó dá yín lójú pé òun ni?"

"Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Obìnrin náà fa okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Àárọ̀ yìí ló bá mi de okùn épírọ́ọ̀nù," ló wí. "Ó ní, 'Máa ṣe é dáadáa o.'" Ó dìde, ó bọ́jú nínú báṣíìnì, ó nu àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbẹ. "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dákẹ́ nítorí rẹ̀ lónìí. Ó tó."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀gá ìwé àṣẹ ka ìwé Màmá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì buwọ́ lu ìwé olùkọ́ náà. Nígbà tí Màmá padà sí yàrá kékeré, ẹ̀ṣọ́ méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti mú ọkùnrin náà jáde. Ó ti yọ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì. Ó dúró ti ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé gíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn, ìyàwó rẹ̀ ń rìn lọ sídìí tábìlì àṣekágbá.

Màmá retí pé yóò bẹ̀bẹ̀. Ó retí pé yóò béèrè bóyá obìnrin náà á jẹ́ kó wọlé sílé. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tútù tí yóò fi dá a lóhùn.

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn, gíláàsì náà sì gbọ̀n díẹ̀.

"Màmá," ni ọkùnrin náà wí, kò yíjú padà. "Ṣé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Òun ni."

"Ṣé gbogbo wọn ló dìde?"

Màmá wo inú gíláàsì. Télọ̀ ti gun orí àga. Elérìn-ín pàápàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú.

"Gbogbo wọn," ni Màmá wí.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi di etí.